Ọba Méjì Lọ́wọ́ Ọmọ Yín

Bàbá mi, baálé ilé tí mo kọ́,

Mo ti sùn sábẹ́ tábìlì aláta ní Mile 12. Mo ti ru irin ọkọ̀ láti Kétu dé Owódé Onírin títí èjìká mi fi bó. Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò nílẹ̀kùn, òjò tún wọlé wá bá mi níbẹ̀. Prámárì tíríì ni mo ti sá níléèwé, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ wá wò mí lónìí! Ọ̀gá Onírin ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá ń wá ẹ́ńjìnnì tókùnbọ̀ tó dáa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń júwe fún un. Mo kọ́ ilé alájà kan sẹ́yìn ọjà gan-an. Yàrá ìsàlẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, tiyín ni. Kí ló dé tí ẹ ò dúró kí n kan òrùlé ẹ̀? Àga yín ṣì wà níbẹ̀. Mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i.

Mo ti ń ta póka, eré káàdì àwọn òyìnbó, báyìí o. Ẹ má tíì lejú mọ́ mi, tẹ́tẹ́ owó kọ́, bọ́tìnnì aṣọ la fi ń ta á. Èmi àtàwọn bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé inú ẹ̀sìtéètì ní Ìṣẹrì Olówóra. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé. Òfin wa ni pé ẹni tó bá kó gbogbo bọ́tìnnì, ilé ẹ̀ la máa lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, á sì fún wa lóúnjẹ. A ti jẹun yíká ilé wọn. Wọn ò tíì dé tèmi rí. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá Onírin, ṣé a ò ní tẹ ìṣó nílé yín?” Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí.

Káàdì méjì ni wọ́n ń fún kálukú, yóò fi pamọ́. Wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín díẹ̀díẹ̀, kálukú á sì máa fi bọ́tìnnì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí i; ẹni tí káàdì ẹ̀ bá lágbára jù ló ń kó wọn. Bí méjì tìrẹ bá jọra, ìbejì la ń pè é. Ìbejì ńlá ló kọ́kọ́ ń dà mí láàmú. Ní Owódé, tí o bá rí kọ́pà lábẹ́ òkìtì irin, o ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kójú ẹ sọ ọ́. O máa ná an bí ìpẹtà lásán ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe pẹ̀lú ìbejì mi. Bọ́tìnnì kan péré ni mo máa ń fi sílẹ̀, kí wọ́n má bàa da káàdì wọn nù kí wọ́n sá. Irọ́! Àwọn bàbá wọ̀nyí kì í sá. Wọn kì í fi bọ́tìnnì kún un láti gbé e sókè, wọ́n kàn máa ń fi iye kan náà tẹ̀ lé e ni. Gbogbo wọn á bá mi wọlé ní ẹ̀dínwó, káàdì yẹpẹrẹ kan á sì fi ìbejì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ń yọ́ lé adìẹ tí kì í sá? Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbé e sókè, kí wọ́n máa fi ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì tẹ̀ lé mi.

Àmọ́ èyí tó ṣòro jù, ìgbà tó yẹ kí èmi náà sá, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ìyá wa ló máa ń pariwo, a kì í sì í dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀yin bá gbé kọ́ọ̀bù yín sílẹ̀, tí ẹ wúkọ́, gbogbo wa la ń wá ẹnu ọ̀nà. Ṣé ẹ rántí?

Sátidé tó kọjá, ayaba méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e sókè. Daddy Bọ́lá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì nígbà kan, tí mi ò rí i kó gbé nǹkan sókè rí, gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti òkìtì bọ́tìnnì síwájú. Ẹ̀yin ni mo rí lójijì. Mo da ayaba mi nù. Ó ṣí tiẹ̀: ẹ́ẹ̀sì méjì, tó ga ju gbogbo káàdì lọ! “Ọ̀gá Onírin, ta ló sọ fún yín?”

Nígbà tó yá, ó ku èmi àti Enjiníà, ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà, nìkan, bọ́tìnnì wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọba méjì dé. Mi ò fi ara pamọ́. Mo gbé e sókè, ó tẹ̀ lé mi. Wọ́n ṣí mẹ́ta, mo tún gbé e. Mo ní, “Mò ń bọ̀ o, irin kì í bà mí lẹ́rù.” Wọ́n ṣí ìkẹrin, mo tún fi kún un. Nígbà tí ìkarùn-ún ṣí, mo ti gbogbo ohun tí mo ní síwájú. Ó tẹ̀ lé mi. Mẹ́wàá méjì ló ní. Ọba lọba ń jẹ́! Mo kó gbogbo bọ́tìnnì. Ṣé ẹ rí i níbi tí ẹ wà?

Enjiníà bá ní, “Ó dáa, Ọ̀gá Onírin, ẹ júwe ilé fún wa.”

Ní Sátidé tó ń bọ̀, mi ò ní palẹ̀ irin kankan mọ́. Àárín ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa gbà wọlé, kí wọ́n rí ibi tí ilé náà ti wá. Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ fẹ́ràn la máa sè. Yàrá yín ni màá tẹ́ tábìlì sí. Màá ká aṣọ tí mo fi bo àga yín kúrò, èmi fúnra mi ni màá sì jókòó sí i. Bàbá, ẹ sún fún mi díẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó ru irin títí ó fi dilé.