Ẹ̀wà Tí Mo Rẹ fún Ogun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi níbi tí ẹ wà. À bá ti sin Ẹ̀gbọ́n mi sọ́nà ogun lónìí. Láti ìgbà tí ikọ́ ti mú yín lọ, òun ni olórí ilé. Ìlú kékeré kan lókè odò ni wọ́n fẹ́ lọ kó lẹ́rú. N ò gbọ́ ohun tí ará ibẹ̀ fi ṣẹ̀ wá.

Lánàá, Ẹ̀gbọ́n ní kí n dín àkàrà líle tí ológun máa ń dì lọ. Mo rẹ ẹ̀wà. Bí mo ti ń bó èèpo rẹ̀, ọwọ́ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ogun Dàhòmì dé odi ìlú wa? Ọwọ́ yìí kan náà ló gbé omi fún yín lórí odi, ọkàn mi ò sì dá mi lẹ́bi. Kí ló dé tí iṣẹ́ àná fi wúwo lọ́kàn mi?

Tíṣà wa ní ilé ìwé ìjọ Aké kọ́ wa pé ìbéèrè yìí, ogun wo ló tọ́, ti pẹ́ láyé. Kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ará Róòmù a máa ránṣẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ wọn kí wọ́n tó kéde ogun. Lẹ́yìn náà ni bíṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, kọ́ni pé Kristẹni lè jagun láti dá ìkà dúró, ṣùgbọ́n àlàáfíà ni kó máa wá. Àwọn tó tẹ̀ lé e sọ ọ́ di ìbéèrè mẹ́ta: ta ló pe ogun, kí ló fà á, irú ọkàn wo la fi ń lọ?

Mo bi Ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí nídìí ààrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní bíṣọ́ọ̀bù tó ń fẹ́ná. Ó dáhùn àkọ́kọ́ kíá: àwọn olórí ogun ni. Nígbà tó kan ìkejì, ó ní kí n máa dín àkàrà mi lọ. Mo ní n ò ní dín àkàrà àfi tó bá dáhùn. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Èmi àbúrò, ta ni mí? Ó bínú jáde.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà Ìgbẹ̀ìn, àdúgbò wa, ló lọ. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ránṣẹ́ sí ìlú náà. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́. Àwọn kan pè é ní ojo. Àwọn kan rántí pé ẹ̀yin náà kì í bá wọn lọ kó ẹrú, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gorí odi lọ́jọ́ Dàhòmì. Níkẹyìn wọ́n gbà láti ránṣẹ́; ìránṣẹ́ ti lọ láàárọ̀ yìí. Ogun dúró dè é.

N ò mọ èsì tí yóò mú bọ̀. Ṣé ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ìrètí mi ju ẹ̀rù mi lọ.

Ẹ̀wà tí mo rẹ fún ogun, mo pọ́n ọn séwé, ọ̀lẹ̀ ni mo fi sè. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílé, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá fi ìka nu ewé rẹ̀ lá, bí ẹ ti máa ń ṣe.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó gbé omi wá sórí odi.