Ìka Ẹsẹ̀ Màmá

Àkúrẹ́, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Oǹdó dé. Dókítà ní ọ̀la ni àwọn máa gé ìka ẹsẹ̀ Màmá tó ń jẹrà.

Nígbà tí Màmá sọ lórí fóònù pé egbò ìka náà ti gbẹ, tí oògùn sì ń da inú wọn rú, èmi ni mo ní kí wọ́n dá a dúró. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ iléèwé ní báọ́lọ́jì!

"Kí ló wá ṣe é?" Màmá bi mí lónìí.

Mo ní àwọn kòkòrò àìfojúrí inú egbò máa ń mọ̀ bí àwọn ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú nǹkan jáde tí àwọn yòókù ń mọ̀ lára. Tí a bá dá oògùn dúró, àwọn tó kù á máa pọ̀ sí i; tí wọ́n bá ti rí i pé àwọn pọ̀, wọ́n á jọ fi ohun tó ń yọ̀ bo ara wọn, oògùn ò ní í ráyè wọlé dáadáa mọ́.

"O ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn gé èékánná ẹsẹ̀, kí dókítà má bàa sọ pé àwọn dọ̀tí. Mo gé gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìka yẹn.