Ibi Tí Ẹnu Kò Bá Hàn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọ̀gá Ariwo tún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí n tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ohùn ló ti ń pariwo. Ó ní kàtúùnù wa ò wọ àwọn ọmọdé lára mọ́, ó ní Apá-Irin, akọni inú rẹ̀, ti ń rọ̀ jù. Rírọ̀! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń fi ọwọ́ lásán gbé afárá! Ohun tó ń dun Ọ̀gá ni pé àwọn tí ọmọ náà ò mọ̀ rí ló máa ń gbé e fún. Ó ní akọni tó bá ń ṣàánú gbogbo ẹni tó bá pàdé, ìyá àgbà ni, kì í ṣe akọni.

Èmi tí mò ń fọhùn fún un wá ńkọ́? Èmi abiyamọ, tí ewú ti yọ níwájú orí mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó kàtúùnù yìí wá láti òkèèrè, tí a ń fi èdè wa sí wọn lẹ́nu, èmi ni Apá-Irin. Ọkọ Mi Kékeré ni mo máa ń pè é nínú ìwé yìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wà nínú àdéhùn pé mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, kí àwọn ọmọ má bàa mọ̀ pé obìnrin ló wà nínú akọni wọn. Ọmọ mi gan-an ò mọ̀. Ó rò pé fáìlì ni mò ń tò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀fun ń dùn mí. Omi gbígbóná. Oorun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Báírò fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé yìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìbínú ni.

Ibi tí ilé ti wó lu àwọn ọmọ ogun ọ̀tá la ṣe lónìí. Ọkọ Mi Kékeré lè sá lọ, ọ̀nà là fún un. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ igbe lábẹ́ àwókù. Ó padà. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ògiri, ó gbé e, apá rẹ̀ kan kán. Ó wá sọ fún wọn pé: "Mi ò mọ̀ yín. Ẹ jáde kíá, mo ṣì lè gbé e." Bí atúmọ̀ ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mo ti kọ́ ọ sórí nínú balùwẹ̀ lánàá, omijé sì bọ́ lójú mi. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Ọ̀gá fi báírò fa ìlà gba orí rẹ̀. Ó ní kí n sọ pé: "Ẹ máa kú lọ! Ta ló rán yín wá?" Mo ní, Ọ̀gá, ọmọ náà ń gbé ilé kúrò lórí wọn lọ́wọ́! Ó ní a máa gé ibi tí wọ́n ti jáde, àwọn ọmọ á rò pé ṣe ló ń tì í lù wọ́n. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ẹ̀yìn ni ọmọ náà kọ sí wa, ẹnu rẹ̀ ò hàn.

Ọgbọ́n iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí ẹnu bá hàn, o gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu: ibi tó bá ti là, kí o là á, ibi tó bá ti pa dé, kí o pa á dé. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọ ẹ̀yìn, ohunkóhun tó bá wù ọ́ lo lè fi sí i lẹ́nu. Ẹ̀yìn Ọkọ Mi Kékeré ni wọ́n fẹ́ gbà parọ́ mọ́ ọn.

Mo ní mi ò sọ. Ọ̀gá — àbúrò mi pátápátá ni lọ́jọ́ orí — rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ọmọbìnrin kan wà níta tó máa sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníwáyà, ẹni tó ń gba ohùn wa sílẹ̀, ń wo ilẹ̀. Ojo!

Mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì dáa. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn — ó dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọmọ mi ní ṣé mò ń bá òun jà ni. Rárá o, ìyá mi. Kì í ṣe ìwọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò rọ́ kún pálọ̀ wa, torí tẹlifíṣàn wa ló tóbi jù. "Ẹ máa kú lọ!" Wọ́n hó yèè. Ọmọ mi fò sókè. Mo lọ dúró sí kíṣìnì, mò ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹyin lọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ò parọ́.

Ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà ní ìparí títì wa láìpẹ́ yìí. Omi ló gbalé wọn. Ẹnì kan jẹ́ kí wọ́n máa sùn nínú ṣọ́ọ̀bù òfìfo. Mo máa ń kí wọn. Kíkí lásán ni.

Lọ́sàn-án yìí, mo gbọ́ ohùn ara mi níta. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ ń ṣeré Apá-Irin, wọ́n to páálí jọ, wọ́n ní ilé tó wó ni. Ọmọ àlejò yẹn ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, torí òun ni wọn ò mọ̀. Ó fẹ́ jáde. Ọmọ mi, ọmọ tí mo fi inú mi bí, fi ẹsẹ̀ tẹ páálí mọ́lẹ̀. "Ẹ máa kú lọ! Ta ló rán yín wá?" Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́, títí kan bí mo ṣe ki ohùn bọlẹ̀ níparí. Ọmọ ọlọ́mọ ò sunkún. Ó kàn dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi lọ ṣe eré mìíràn.

Mo sáré jáde. Ọwọ́ mi ti gòkè láti na ọmọ mi kí n tó bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ nà án fún. Ohùn ta ni?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ gidi padà kí wọ́n tó tún un gbé sáfẹ́fẹ́. Ó ní èwo ni, ṣebí gbólóhùn yẹn làwọn ọmọ fẹ́ràn jù! Ó ní a ó máa fi parí gbogbo apá tó kù. Ó ní kí n ṣáà máa tọ́jú ọ̀fun mi. Ọ̀fun mi! Bí ẹni pé kò sí orí lókè rẹ̀. Ṣíọ̀!

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo jáde tòun ti aṣọ ilé. Àwọn ọmọ tún wà nídìí páálí. Mo dúró láàárín wọn, mo fa ikùn mọ́ra, mo gbé ohùn Ọkọ Mi Kékeré jáde: "Mi ò mọ̀ yín. Ẹ jáde kíá, mo ṣì lè gbé e."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo ní èmi ni Apá-Irin. Mo ní ohun tó sọ gan-an nìyẹn, àwa la yí i. Àdéhùn, ó dàbọ̀!

Ṣé wọ́n gbà? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń sọ fún ọmọ mi pé háà, mọ́mì ẹ mọ ohùn Apá-Irin sín jẹ o! Wọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n ṣe ti "Ẹ máa kú lọ". Ojú ti ọmọ mi. Ó ní, mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọlé. Apá-Irin ò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la jọ gbọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn ni mo gbẹ̀san lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹnì kan fi fóònù ya fídíò mi lánàá, ó sì ti pín in kiri. Ọ̀gá pè. Iṣẹ́ ti bọ́. Ọmọbìnrin tó wà níta ti wọlé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. — Irọ́ ni, kò dáa! Mo fẹ́ràn Ọkọ Mi Kékeré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọ àlejò ni, ó rin gbingbin. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òótọ́ ni pé Apá-Irin gbé ilé yẹn kúrò lórí wọn? Mo ní òótọ́ ni. Kò sì mọ̀ wọ́n rí? Kò mọ̀ wọ́n rí. Ó fọwọ́ nu omi òjò lójú. Ó ní, níbo ni wọ́n wá sùn lẹ́yìn ìyẹn?

Mo fà á wọlé kúrò nínú òjò. Kàtúùnù náà ò sọ. Èmi náà ò bèèrè rí, pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mò ń pa lórí gbólóhùn kan! Mo ní, ìwọ àti ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ṣọ́ọ̀bù yẹn náà lẹ ṣì ń sùn? Ó ní wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lánàá, onílé ti rí ẹni gbà á. Ìyá òun wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Mo ní kí ọmọ mi mú agbòjò. Ó fẹ́ ráhùn, ó wo ojú mi, ó mú un. A bá ìyá náà lórí àpò wọn, ó dìde kí mi. Mo gbé àpò tó tóbi jù, mo dorí kọ ilé wa, àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń wọ́ ìkejì. Ni ìyá bá di àpò ọwọ́ mi mú. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ̀ wá rí.

Inú bí mi. Mo jágbe mọ́ ọn láàárín títì, tòun ti òjò: "Ta ló sọ fún yín pé mo mọ̀ yín? Ẹ gbẹ́rù, jàre!"