Àrífín Tí Mò Ń Kọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti ń kọ èyí. Ọkọ mi ń sùn ní pálọ̀. Ó ṣiṣẹ́ mọ́jú ní ilé iṣẹ́ wọn ní Ìsọlọ̀, àárọ̀ yìí ló wọlé. Bó bá ń hanrun, mo ń kọ. Bó bá dákẹ́, èmi náà á dá bíròó dúró. Tí mo bá parí, màá fi ìwé yìí dáná.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Omi lásán kò fẹ́ lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí? Inú yín dùn débi pé ẹ yọ pákò lẹ́nu. Ẹ ò sì wádìí nǹkan míì mọ́. Títí dòní ló ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà àdúgbò wa ní Òkòtà. Ta ni màá sọ fún pé ó ń lù mí? Mo máa ń bínú sí yín nígbà míì, ẹ jọ̀ọ́.

Àǹtí Sìdí, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ aránṣọ ní Èjìgbò, ló ń bá mi gbìmọ̀ bí èmi àti ọmọ mi ṣe máa jáde. Ìwé ẹ̀rí mi, ìwé ìbí ọmọ àti aṣọ díẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. A tún ní àmì kan. Ọkọ mi kì í jẹ́ kí n pe èèyàn láìfi fóònù sí sípíkà. Nítorí náà, bí ewu bá dé, kí n pè wọ́n, kí n máa sọ “o” sí wọn bí ẹgbẹ́ mi. Ọkọ mi á rò pé ọ̀rẹ́ mi ni; Àǹtí á mọ̀ pé kí wọ́n kó èèyàn wá kíákíá.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó rí nọ́ńbà wọn, ó fi dandan mú mi pè é níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe gbóhùn wọn báyìí, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Mo kí wọn ẹ kú iṣẹ́, mo tún fi mà kún un. Lórí fóònù o! Ẹ̀kọ́ yín ni. Ní kékeré, tí mo bá kí yín lórí ìdúró, ẹ máa ń kọjú sógiri títí n ó fi kúnlẹ̀. Àǹtí rò pé àlàáfíà ni, wọ́n padà sídìí maṣíìnì. Bí ìpè ṣe parí ló fún mi lọ́rùn. Igbe ọmọ mi ló jẹ́ kó jáwọ́.

Lọ́la, wọ́n máa yí i sí iṣẹ́ ọ̀sán. Tó bá ti jáde, màá lọ mú ọmọ níléèwé, a ò sì ní padà síbí. Àmọ́ tí kò bá lọ ńkọ́? Tó bá tún mú mi pe Àǹtí, lórí nọ́ńbà tuntun tí wọ́n ti gbà kó má bàa dá wọn mọ̀?

Mo ti ń kọ́ “o” yẹn nínú balùwẹ̀, ẹnu mi ń kọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn. Bí mo bá lè sọ ọ́ sí ẹ̀yin, kò sí ẹni tí mi ò lè sọ ọ́ sí. Ẹ foríjì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá, ṣé o ń gbọ́ mi? Ọrùn ń dùn mí. Ìwọ lo fi mí fún un, síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ. Bá mi bẹ Ọlọ́run kí ọkọ mi lọ síṣẹ́ lọ́la.

Èmi ni,
ọmọ rẹ.