Ọta Kẹfà

Ọjọ́bọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọta mẹ́fà ni sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ àwa ẹ̀ṣọ́ ní ìbọn yíyìn kó fún Múyìwá láàárọ̀. Nígbà tó yìnbọn tán, èèpo ọta márùn-ún ló dá padà fún èmi tí mò ń kà wọ́n.

“Ó ku ẹyọ kan,” mo wí fún un.

“Ó ti bọ́ sínú koríko. Ọ̀gá ìṣirò, ṣé ebi ò pa ọ́ ni?”

Òfin ni pé kí n wo inú ìbọn kó tó gbé e kọ́ èjìká. Ebi ń pa èmi náà. Mo kọ mẹ́fà sílẹ̀.

Bó ṣe ń gun ọ̀kadà, okùn àpò rẹ̀ há sí ibi tí wọ́n ń fà lára ìbọn, ìbọn sì dún, ọta bà á lẹ́sẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bi mí ní ọsibítù pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹnikẹ́ni ò ka ọta yẹn ni?”

Mo ní mo kà á. Mi ò sọ iye tí mo kà.