Mo Dín Agbára Ọ̀gá Wa Kù Lórí Server, Mi Ò Sì Rí Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Fẹ́ Bẹ̀

Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe virus, kì í ṣe network, kì í ṣe aráyé. Ojú mi là kedere nígbà tí mò ń ṣe é, ọkàn mi ò sì tíì dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ilé mi ti fẹ́ dàrú lórí ẹ̀, ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn... admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Ṣakí ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Alhaji là ń pè wọ́n, ló ni ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àgbàdo là ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a ní ibùdó ní Ìràwọ̀, a ní ní Àgọ́-Àrẹ. Èmi ni mò ń tọ́jú server, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo àkọsílẹ̀ wa wà nínú ẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá gbé ọjà dé, akọ̀wé ibùdó gbọ́dọ̀ ṣí orúkọ ẹ̀ lórí server yẹn kó tó lè wọn ọjà wọlé. Alhaji wá fẹ́ràn report bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì! Àlejò bá ti wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n á ní kí server kó gbogbo ohun tí a ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀ jáde, kó yà á sórí tẹlifíṣàn ara ògiri, kí àlejò lè pariwo. Gbogbo agbára server á kó síbẹ̀. Akọ̀wé Àgọ́-Àrẹ á tẹ orúkọ àgbẹ̀, á máa wo ojú kọ̀ǹpútà... kò ní dáhùn. Mo sọ fún Alhaji, mo tún sọ. Wọ́n ní ta ló ra server?

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Sàkíratù, opó kan tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ roko, gbé àgbàdo wá sí Àgọ́-Àrẹ láàárọ̀. Àgbàdo náà gbẹ dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni àlejò kún ọ́fíìsì Alhaji, report lórí report. Ìyá jókòó ti àpò wọn níta títí oòrùn fi yí, akọ̀wé ń pè mí, èmi ń bẹ Alhaji, òjò ṣú. Kí wọ́n tó rí tapólì bò ó, omi ti wọnú àpò. Ẹ mọ èyí tó dùn mí jù? Nígbà tí server wá dáhùn, àwa kan náà la sọ fún ìyá pé a kì í ra àgbàdo tútù. Wọn ò bú wa. Mo gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù: “Alhamdulillahi. Ẹ ṣáà bá mi wá ẹni tó máa gbé e padà sílé.” Ó gún mi ju èébú lọ.

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo wọ inú server, mo pín agbára ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnìkan péré ló wà lórí ẹ̀, kó lo gbogbo ẹ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí àwọn míì bá ti dé, kálukú gba ìpín tiẹ̀, iṣẹ́ kékeré kọjá, iṣẹ́ ńlá máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìpín Alhaji ò ju ti akọ̀wé Ìràwọ̀ lọ. Report wọn ò sọnù o, ó kàn ń pẹ́ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbẹ̀ ń dé, wọ́n ń wọn ọjà, wọ́n ń lọ, inú mi ń dùn.

Àfi bí Alhaji ṣe pe gbogbo wa jọ pé ẹnìkan ti fi virus ba server jẹ́. Wọ́n ní Mùfútáù akọ̀wé Ìràwọ̀ ni, torí tiẹ̀ ń yá ju tàwọn lọ, kó kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ. Mo dìde.

“Alhaji, ẹ fi Mùfútáù sílẹ̀. Èmi ni.”

“Ìwọ? Ìyàwó ilé wa? Ó yá, kúnlẹ̀, kí o sì dá a padà bó ṣe wà!”

“Mo kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, màá tún kúnlẹ̀ kí yín lọ́la, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n lórí èyí, rárá.”

Wọ́n ní kí n jókòó sílé títí dọjọ́ Jímọ́ọ̀, pé lẹ́yìn ìrun ni màá wá bẹ àwọn níwájú ẹbí. Wọ́n ti mú ẹnìkan wá láti Ìbàdàn tó tú gbogbo ohun tí mo ṣe. Mùfútáù pè mí lónìí pé àwọn àgbẹ̀ ti tún ń tò sínú oòrùn. Ọkọ mi ní mo dójú ti ẹ̀gbọ́n òun tó gbà mí síṣẹ́. Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ní kí n ṣáà bẹ̀ wọ́n, pé àgbà kì í jẹ̀bi. Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Torí pé wọ́n fún mi níṣẹ́, kí n má wá ṣe é bó ṣe yẹ? Ṣé àwọn tó ń gbé ọjà wá kì í ṣe èèyàn ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kí n sọ ọ́ níwájú ẹbí bó ṣe rí gan-an, àbí kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn, kí ilé mi lè rọlẹ̀? Gbogbo ìmọ̀ràn ni màá kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ fún mi.