Ohun Tí Ẹnu Mi Ṣe fún Àjàmú Lórí Pápá

                                        Ilé Ìyá Alábọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Koumassi,
                                        Abidjan.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 15 juin 2025.

Òkéwùmí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ pọn omi odò,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn ti ń jẹ́ kí o kúnlẹ̀ kírun? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyàwó ilé yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Ọlọ́run á bá wa wo ìkókó náà. Ẹ kú òjò o. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí ti sọ gbogbo ọ̀nà Koumassi di àbàtà. Àlàáfíà ni ara mi wà, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń rántí rẹ, ìwọ tó o máa ń ní kí n bu omi sẹ́nu nígbà tí wọ́n bá rán wa lọ pọn omi tí a kì í fọhùn tí a bá rù ú, nítorí o mọ̀ pé ẹnu mi kì í lè dúró.

Má wo bí ìwé yìí ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́. Ìwé kejì ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa pọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, síbẹ̀ mi ò jẹ́ kí Azizatou, ọmọ ọmọ mi obìnrin, bá mi kọ ọ́. Fóònù wà, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń gbọ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ohùn mi gan-an ló sì dá ẹjọ́ yìí sílẹ̀. Àrìmíyàù tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Èjìgbò lọ́sàn-án yìí ni yóò mú un wá fún ọ.

O rántí Tidjani, ọmọ Owólabí ọmọ mi, èyí tí mo mú wá sílé lọ́dún tí a sin bàbá rẹ, tó jẹ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yín tán. Òun ni Àjàmú mi. Ó ti pé ọdún méjìlélógún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá débi pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí yìí mú un pé kó bá wọn sáré ọgọ́rùn-ún mítà níbi ìdíje ńlá tí àwọn orílẹ̀-èdè wá ń ṣe ní Abidjan. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n wọ̀ fún un. Àwọn kan ládùúgbò ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ Èjìgbò ń sáré fún onílé. Mo ní ẹsẹ̀ Èjìgbò ni, aṣọ nìkan ló jẹ́ tiwọn.

Ohun kan wà tó yẹ kí o mọ̀. Láti kékeré ni mo ti kọ́ Tidjani pé bí mo bá ti pe oríkì rẹ̀, ibi yòówù kó wà, kó dìde. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, mo pè é níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó gẹlẹtẹ. Mi ò fún un lóúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bó tiẹ̀ sùn, tí mo bá pe Àjàmú, orí ìdúró ló ti ń lajú. Mo máa ń fi ṣe fáàrí fún àlejò.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Azizatou lọ sí pápá. Àṣekágbá ni. Ìlà iwájú ni mo jókòó sí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kì í ṣe àyè mi, mo ní kó gbé mi kúrò bó bá lágbára. Àwọn mẹ́jọ jáde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka kan ilẹ̀. Ẹnìkan sọ nǹkan nínú ẹ̀rọ, gbogbo wọn gbé ìdí sókè, gbogbo pápá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Òkéwùmí, mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láàárín èrò. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n fi ọmọ mi nìkan sílẹ̀ nínú ewu, tí kò sí ẹni tí yóò kì í. Ẹnu mi là. Mo ní, "Àjàmú, ọmọ ajítẹ̀rìmọ́lẹ̀."

Ó dìde.

Ìbọn kò tíì dún. Ó gbéra nílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó dúró. Wọ́n dá gbogbo wọn padà, ọkùnrin kan sì gbé káàdì pupa síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá gbéra kí ìbọn tó dún, lílé ni, kò sí ẹ̀bẹ̀. Tidjani kò wo ọkùnrin náà. Ibi tí mo jókòó ló wò. Lẹ́yìn náà ló kó aṣọ rẹ̀, ó gba abẹ́ ìjókòó èrò kọjá lọ. Àwọn méje tó kù sá tiwọn. Mi ò mọ ẹni tó gbégbá orókè títí di òní. Azizatou fà mí lápá, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ń wò wá."

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi fọ́ sójú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni ládùúgbò tó mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò wá kí wa. Gbogbo wọn ní ìwàǹwara ọmọ náà ló pọ̀jù. Christophe tó ń ta táyà lójú títì wa ní, "Ewúrẹ́ pàápàá máa ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn." Tidjani bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ òun ló yá jù. Èmi Mùsílímátù, tí kì í gbọ́rọ̀ kó má fèsì, èmi ni mo tẹrí ba tí mò ń bó ẹ̀gúsí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wá dọ̀bálẹ̀ kí mi bí ìṣe wa, ó ń retí kí n kì í kó tó dìde. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́," mo wọlé. Mi ò kì í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Azizatou sọ fún mi pé Séraphin, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn léré sísá, fẹ́ yọ Tidjani kúrò nínú àwọn mẹ́rin tí yóò gbé ọ̀pá fún ara wọn sáré lónìí. Ó ní ẹni tí kò lè kó ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níjàánu, a kì í fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Mi ò lè jẹun alẹ́.

Láàárọ̀ àná, mo wọ wôrô-wôrô, takisí àjọwọ̀ ibí, a fún mọ́ra nínú ọkọ̀ pẹ̀lú adìyẹ ẹnìkan, ó di ibi tí wọ́n ti ń gbára dì. Mo fi Faransé ọjà tí mo gbọ́ sọ fún Séraphin pé èmi ni mo gbé ọmọ náà dìde. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "La vieille," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí nìyẹn, "gbogbo ìyá ló máa ń wá bẹ̀ mí. Ọ̀kan ní àlá ló ti ọmọ òun."

Mo ní, "Ṣé mo jọ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀? Ṣáà máa wò wọ́n."

Bíi mẹ́wàá ni wọ́n jókòó sórí koríko, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀. Mo lọ dúró lẹ́yìn wọn. Mi ò pariwo. Bí ẹni pe ọmọ pé kó wá gba iyọ̀ ni mo ṣe ní, "Àjàmú." Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti wà lórí ìdúró. Àwọn yòókù ń wò ó. Ọ̀kan ní, "Kí ló ta ọ́?" Séraphin ṣí fìlà. Ó ní kó jókòó, kí n tún pè é. Mo pè é, ó dìde. Séraphin fúnra rẹ̀ wá pè é, Tidjani kò mira.

Ó bi í pé, "Kí ló dé tí o ò sọ pé wọ́n pè ọ́ ni?"

Tidjani wolẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n wá fi ìyá bàbá mi sùn ni?"

Òkéwùmí, mo jókòó sórí koríko tútù yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó.

Séraphin ní yóò sáré, ṣùgbọ́n kí la vieille jókòó sílé. Tidjani ní bí Ìyá ò bá wá, òun náà ò ní sá. Wọ́n ń fà mí mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ẹrù, títí Séraphin fi ní kí n máa bọ̀, kí n ṣáà pa ẹnu mọ́.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó wá dọ̀bálẹ̀. Ọkọ̀ wọn ti ń fọn fèrè níta. Mo ní, "Máa lọ, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ." Kò dìde. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ pè mí." Mo ní wọn yóò fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Fèrè tún dún, Séraphin fúnra rẹ̀ yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ṣe agídí jù mí lọ rí nílé yìí, àfi òní. Mo pè é, láti Àjàmú títí dé òpin, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó lọ.

Bá mi kí àwọn ẹ̀gbẹ́ wa, kí o sì kí ìyá ìkókó. Aago mẹ́rin ni eré náà. Azizatou ti wọ bàtà. Mo ti rọ omi sínú ìgò, ó wà nínú àpò mi. Bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀, màá bù ú sẹ́nu bí o ṣe kọ́ mi, ó di ìgbà tí ìbọn bá dún kí n tó gbé e mì.

                                        Èmi ni tìrẹ láti etí odò,
                                        Mùsílímátù.